Bí a ṣe ń kó ìrírí ológun jọ sínú ìwé àti àwòrán: ìtọ́sọ́nà fún ará Èkó

Èkó kún fún àwọn tí wọ́n ti rí ojú ogun. Ní Súrùlérè, ní Mushin, ní Èbúté-Mẹ́ta, títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ṣòro láti rí bàbá kan tó jà nínú ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967 tó sì parí ní January 1970, tàbí ẹni tó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà láti ọdún 1990. Àwọn tó lọ sí Bọ́mà (tí a ń pè ní Myanmar báyìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé wọn, mẹ́dààlì wọn àti fọ́tò wọn ṣì wà nínú àpótí àwọn ọmọ wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ, ọmọ-ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníròyìn tó fẹ́ kó irú ìrírí bẹ́ẹ̀ jọ. Ìlànà kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ẹ ya ohun tí ológun fi ojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ fi kún un. Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rọrùn púpọ̀ fún akọ̀wé láti sọ àfojúbà ẹlòmíràn di ìròyìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ogun tí bàbá jà

Kí ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ ka ohun tó tó láti mọ orúkọ àwọn ibi ìjà àti ìgbà tí ìjà wáyé níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ogun abẹ́lé, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀ka kẹta nínú àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, èyí tí Benjamin Adékúnlé ṣáájú kí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1969, bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ológun tó ń ṣọ́ Èkó, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ológun tó ti ìhín lọ bá sọ pé ibẹ̀ lòun wà. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Bonny ní July 1967, wọ́n gba Calabar ní October ọdún náà, wọ́n sì wọ Port Harcourt ní May 1968. Ẹ kọ irú déètì bẹ́ẹ̀ sórí ìwé kékeré kan kí ó wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi dán bàbá wò. Ẹ óò fi mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ bọ́ sí ni.

Bí ó bá jẹ́ ìdílé ẹni tó lọ sí Bọ́mà ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, orúkọ àwọn bárékè Èkó fúnra wọn lè là yín lọ́yẹ. Arakan, tí wọ́n fi sọ bárékè Àpápá, jẹ́ agbègbè etíkun ní ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà. Myhoung ní Yábàá wá láti ara Myohaung, ìlú tí wọ́n gbà ní January 1945. Marda, tí òun náà wà ní Yábàá, jẹ́ ọ̀nà kan láàárín òkè ní Ethiopia tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti kojú àwọn ará Ítálì ní 1941. Ọ̀pọ̀ èrò dánfó tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn bárékè wọ̀nyí ni kò mọ̀ pé orúkọ ojú ogun làwọn ń pè fún kọndọ́.

Ẹ gba àyè, kí ẹ sì mọ ibi tí òfin pààlà sí

Ìyàwó bàbá tàbí àkọ́bí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ ìgbà tí ara rẹ̀ máa ń dá, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ kí i bí a ti ń kí àgbà, kí ẹ sì pè é bí ó ti fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Àwọn kan fẹ́ Bàbá, àwọn mìíràn ò ní dáhùn dáadáa àfi tí ẹ bá pe Sájẹ́ǹtì mọ́ orúkọ wọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe láìfi ọ̀kankan pamọ́: ṣé ìwé ìdílé ni, ṣé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàbí orí Facebook ni ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun lè ní kí ẹ pa orúkọ òun mọ́, àti pé òun lè yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá. Kí ó fọwọ́ sí ìwé tàbí kí ó tẹ̀ka sí i, kí ó sì tún sọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo; búrẹ́dì Àgége àti èso díẹ̀ kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá owó lé ìtàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a sanwó fún ṣáájú lè máa wá ohun tí yóò dùn mọ́ olówó nínú.

Ti ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Kò lè sọ̀rọ̀ fún ìwé yín láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ bi í nípa ohun ìjà, iye ènìyàn tàbí ibi tí wọ́n wà. Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 ka yíya fọ́tò ibi tí ìjọba dáàbò bò léèwọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà sókè níwájú géètì bárékè nítorí pé ẹ fẹ́ àwòrán tó rẹwà fún èèpo ìwé. Ẹ pa ètò tó ń fi ibi tí a wà hàn lórí fóònù pẹ̀lú, torí pé ó máa ń wọnú fọ́tò láìjẹ́ kí ojú rí i.

Ìgbà, ìjókòó àti ẹ̀rọ

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò àti gbohùngbohùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fóònù tàbí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lé orí aṣọ tí a ká, kì í ṣe orí tábìlì lásán, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu rẹ̀. Ẹ ti ìpè pa lórí rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀rọ kejì tó ń gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ yín bá lè gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, òun ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú déètì, ibi tí ẹ wà àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ti tó fún ìjókòó kan. Ẹ tún lè padà wá.

Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì sí ọdún tuntun, nígbà tí àwọn ọmọdé ń yin bánga káàkiri. Ìró òjijì lè gbé ẹni tó ti jagun rí padà sójú ogun láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀ ará Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀ tí wọn kò wọ yúnífọ́ọ̀mù rí, láti ìgbà tí ilé ohun ìjà bárékè Ìkẹjà bú gbàmù ní 27 January 2002.

Ìbéèrè

Níbí ni iṣẹ́ náà wà. Ológun kan ṣoṣo kò rí gbogbo ogun. Ohun tó rí ni ihò tó wà nínú rẹ̀, igi tó wà níwájú rẹ̀, àti ẹ̀yìn ẹni tó ń rìn ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ló fa ogun, ohun tó kà nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn ogun ni yóò sọ fún yín, ẹ̀yin náà sì lè lọ ka ìwé ìròyìn náà fúnra yín. Ẹ bi í nípa ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn kankan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé, ṣáájú kí ó tó wọṣẹ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń gbani? Kí ni ìyá rẹ̀ sọ? Bàtà tí wọ́n fún un, ṣé ó bá a lẹ́sẹ̀? Kí ni wọ́n jẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́, ta sì ni ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn èyí kí ẹ tó bọ́ sójú ogun, níbẹ̀ náà, ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni kí ẹ máa bèèrè: omi mímu, iyọ̀, sìgá, òjò, ẹrù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ẹ̀ka 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, tí àwọn aláàárù sì ń fi orí ru ẹrù gba inú igbó kọjá. Bí ọmọ aláàárù bẹ́ẹ̀ bá jókòó níwájú yín, ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nípa ẹrù náà, bí ó ti wúwo tó àti ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùká, níye lórí ju gbogbo ohun tó lè sọ nípa àwọn ọ̀gágun òyìnbó lọ.

Ẹ fún un ní ìwé àti pẹ́ńsù kí ó ya ibẹ̀: odò rèé, ọ̀nà rèé, ibi tí àwọn wà rèé, ibi tí ìbọn ti ń dún rèé. Àwọn tó ní àwọn kò mọ àwòrán yà ló máa ń yà á dáadáa jù. Ẹ má tún un ṣe. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti déètì sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí ni ìwé yẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé bí ó ti ń yà á ni ohun tó ti gbàgbé ń padà bọ̀. Bí orin tí wọ́n kọ nígbà náà bá wá sí i lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán.

Nígbà tó bá sọ ohun ńlá kan, ẹ rọra bi í ibi tí òun wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Mo lè fi ọ̀rọ̀ Pelé ṣe àpẹẹrẹ. Pelé gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó ní January 1969 lóòótọ́, ìtàn sì gbòde pé ìbọn dákẹ́ lójú ogun nítorí rẹ̀. Bí ológun bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má jiyàn, ẹ má sì gbà á wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé, “Bàbá, ibo lẹ wà lọ́jọ́ náà? Lọ́dọ̀ tiyín, ṣé ìbọn dákẹ́?” Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn ni ẹ̀rí. Bó bá ní redíò lòun ti gbọ́, ó dára, ẹ kọ ọ́ pé redíò ló ti gbọ́.

Ìbéèrè kan wà tí a kì í bèèrè: “Ènìyàn mélòó lẹ pa?” Bó bá fẹ́ sọ ọ́, yóò sọ ọ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́, kí ẹ má sáré fi ìbéèrè mìíràn dí àlàfo náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí tí ó ń tún gbólóhùn kan náà sọ léraléra, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ bu omi fún un, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ sí ọmọ àti ìyàwó títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dun ún jù kí ẹ wá gbé báàgì; ẹ tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé ìyàwó. Obìnrin tó dúró sí Èkó láti 1967 dé 1970, tó ń retí lẹ́tà, tó ń lọ gba owó oṣù ọkọ rẹ̀, ní ìtàn ogun tirẹ̀, ó sì sábà máa ń rántí déètì ju ọkọ lọ.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ jáde bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ tó ronú àtitò ó. Èdè bárékè kì í ṣe Yorùbá ilé-ìwé. Haúsá àti pijin wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ sì fi í sílẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó bá ṣókùnkùn sísàlẹ̀ ojú ìwé. Akọ̀wé tó sọ ọ̀rọ̀ kọ́púrà di ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ti pa ohùn kọ́púrà náà rẹ́.

Nínú ìwé tí ẹ bá wá tò, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ìyàtọ̀ láìṣe wàhálà: ohun tó rí, ẹ kọ ọ́ ní “mo rí”, ohun tó gbọ́, ẹ kọ ọ́ ní “wọ́n ní”, ohun tí ẹ̀yin fi kún un, ẹ yọ ọ́ sẹ́yìn sí àlàyé ìsàlẹ̀. Ká ní bàbá sọ pé oṣù December 1967 ni àwọn wọ Port Harcourt. Ẹ má yí i padà sí May 1968 lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó sọ, kí ẹ sì fi àlàyé sísàlẹ̀ pé May 1968 ni ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Calabar tàbí ibòmíràn ló ní lọ́kàn, ìjókòó tó ń bọ̀ ni ẹ óò sì ti mọ̀. Ohun tó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rántí ni ohun tí gbogbo ìlú mọ̀: ṣáájú pípààrọ̀ owó ní January 1968 ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà, àbí a ti yí i sí ọwọ́ ọ̀tún ní April 1972? Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi san owó rẹ̀ tàbí náírà, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1973?

Bó bá jẹ́ pé ológun fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ ọ́, ẹ ra ìwé àjákọ fún un kí ẹ sì yẹra fún un. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Àwọn ará Japan ba wọn níbùba létí odò Kaladan ní March 1944, ó fara gbọgbẹ́ ìbọn, àwọn ará abúlé sì fi òun àti ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ títí di December. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà sílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní Imperial War Museum ní London. Agbára ìtàn rẹ̀ ni pé kò kúrò ní ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí: ta ló gbé oúnjẹ wá, ta ni ẹ̀rù ń bà, báwo ni egbò ṣe rí. Kò gbìyànjú láti sọ ìtàn ogun Bọ́mà fún wa.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ ka á sí bàbá létí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àwòrán

Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì pa fláàṣì kámẹ́rà. Aṣọ tó bá wù ú ni kó wọ̀. Ẹ má ní kó na ọwọ́ bí ẹni ń yìnbọn, ẹ má sì fi kàkí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìyẹn ti di eré orí ìtàgé. Ẹ ya ọwọ́ rẹ̀ àti ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bó bá gbà. Bó bá jẹ́ pé nínú aṣọ ẹ̀yẹ pẹ̀lú mẹ́dààlì láyà ni ẹ fẹ́ ya àwọn ológun-fẹ̀yìntì, ọjọ́ ìrántí wọn ní 15 January ni ọjọ́ tó tọ́, ní ibi ìrántí tó wà ní Tafawa Balewa Square, níbi tí ère ìrántí ogun àgbáyé méjèèjì àti ti ogun abẹ́lé wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó yà á.

Mẹ́dààlì, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ aláwọ̀ kan níbòji, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi Brasso nù ún. Ìràwọ̀ Bọ́mà (Burma Star), mẹ́dààlì àwọn tó jà ní Bọ́mà, ni ẹ óò fi ríbọ́ǹnù rẹ̀ mọ̀: pupa láàárín, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà àwọ̀ ọsàn sì la búlúù kọ̀ọ̀kan já. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára àwọn ìràwọ̀ ogun náà fún àwọn ọmọ ogun wa, nítorí náà mẹ́dààlì nìkan kò fi hàn pé bàbá yín ló gbà á. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ óò wá, èyí tí nọ́ńbà ológun náà tó wà lórí rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Ẹ ya ìwé náà ní ojú kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Fọ́tò àtijọ́, iwájú àti ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sikánà gbà, ní 600 dpi (iye àmì inú ínṣì kan) ó kéré tán, kí ẹ pa á mọ́ ní TIFF, irú fáìlì tí kì í ba àwòrán jẹ́. Òǹtẹ̀ sítúdíò tó wà lẹ́yìn lè sọ ìlú tó wà nígbà tó yà á. Bí kò bá sí sikánà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbòji kí ẹ di fóònù mú gbọọrọ lókè rẹ̀. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí mọ́ ojú álíbọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe fà á. Ẹ yà á bó ṣe wà. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn, kì í ṣe báírò.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdílé báyìí: kí wọ́n lọ mú àwòrán ogun abẹ́lé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtàn bàbá wọn bí ẹni pé bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn ní ẹni tó yà wọ́n, irú Peter Obe ti ìwé ìròyìn Daily Times, tó lọ sójú ogun pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀ tó sì kó wọn jọ sínú ìwé ní 1971, àwọn tó wà nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá ní fọ́tò bàbá lójú ogun, àwòrán tó fi pẹ́ńsù yà fún yín ju ti àjèjì lọ. Irọ́ ni èyí tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà yà fún yín, kódà bó bá jọ bàbá. Àwòrán dúdú-àti-funfun pẹ̀lú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ àwọ̀ tí aṣọ náà ní.

Ibi ìpamọ́

Ọ̀rinrin Èkó kò fẹ́ràn ìwé. Ẹ má ṣe láminéètì ohunkóhun, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí òkè àjà tàbí sí ilẹ̀ níbi tí omi òjò lè dé. Àpótí tó ní ìdérí, lórí ṣẹ́ẹ̀fù, nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ti tó. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní fún ohùn àti àwòrán, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹbí tí kò gbé ní Èkó. Bí ìdílé bá gbà, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ilé-ìkàwé Yunifásítì Èkó ní Akọkà tàbí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn bóyá wọ́n lè gba ẹ̀dà kan. Ẹ fi orúkọ bàbá, ogun náà àti déètì ìjókòó sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ìwé àyè tí ó fọwọ́ sí sì máa bá wọn rìn níbikíbi tí wọ́n bá lọ. Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ gbé e fún bàbá pẹ̀lú báírò kan, torí ó dájú pé yóò tún rí nǹkan tó fẹ́ kí ẹ yí padà.